Èsì: Àwo gíláàsì kékeré yẹn, ife tíì ló ń jókòó lé e

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin tí ẹ ra àwo gíláàsì kékeré ní Boston tí ẹ ń béèrè bóyá ohun ìṣeré ọmọdé ni. Rárá o, ife tíì ni wọ́n ń gbé lé e láyé àtijọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1850, ọ̀pọ̀ èèyàn ń da tíì gbígbóná sínú sọ́sà (àwo abẹ́ ife) kó lè tètè tutù, inú sọ́sà náà ni wọ́n sì ti ń mu ún. Ibo wá ni ife tó ń kán tótó yóò jókòó sí? Orí àwo yìí ni, kí aṣọ tábìlì má baà lábàwọ́n. (Èmi náà ń mu tíì nínú sọ́sà tí kò bá sí àlejò.)

Àmọ́ ó dìgbà tó bá fẹ̀ tó íńṣì 3 sí 4 o. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwo mìíràn ni.

Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí àmì ara rẹ̀. Nígbà náà, iléeṣẹ́ gíláàsì tí Deming Jarves dá sílẹ̀ ní Sandwich, Massachusetts, ní 1825 máa ń fi mọ́ọ̀dù irin tẹ àmì tótòtó wínníwínní yí òdòdó tàbí ẹyẹ idì ká.

Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Tó bá ń dán láìní àmì ìlò kankan, ẹ fura, àfarawé pọ̀ lọ́jà.