Ìyá Ìbejì béèrè nípa ọjà, oògùn àti lẹ́tà ní Jámánì

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti pẹ́ ní Jámánì. Oṣù tó kọjá ni mo kó àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kúrò ní Òṣogbo wá bá bàbá wọn. Òru ni bàbá wọn ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń sá sókè sá sódò. Ní Òkè-Fìà, bí ata bá tán lálẹ́ Sọ́ńdè, ìta lásán ni màá yọ sí. Níbí, gbogbo ilẹ̀kùn ló tì. Ara Kẹ́hìndé gbóná, mo lọ ra paracetamol níbi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ àti páḿpásì, wọ́n ní àwọn kì í tà á. Ẹrù tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti ilé náà kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àjò, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á wò wọ́n fún wa. Ní Ọjà Ọba, ẹnu lẹ fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: ẹ ó ná an, ẹ ó bẹ̀ ẹ́, ẹ ó ní kí wọ́n fi ènì sí i. Ní Jámánì, aago àti ìwé ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ti mọ aago tí wọ́n ń tì àti ìwé tí wọ́n máa béèrè, ara á tù yín gan-an.

Òfin ló ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sọ́ńdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ọlidé, àwọn kan sì wà tó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, nítorí náà ẹ wá kàlẹ́ńdà ìpínlẹ̀ yín gan-an. Ọdún Àjíǹde ló máa ń mú àlejò jù: wọ́n á tì ní Jímọ̀, wọ́n á ṣí ní Sátidé, wọ́n á tún tì ní Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè. Àárọ̀ Sátidé ni kí ẹ parí ọjà, kí èrò tó kún. Ní Bavaria, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ọjà ń tì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ó lè dé mẹ́wàá. Bí mílíìkì bá tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ilé epo máa ń ṣí, ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá náà máa ń ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n. Ilé búrẹ́dì máa ń ṣí fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ mú àpò dání, kí ẹ sì ní owó ẹyọ 1 yúrò fún kẹ̀kẹ́ ọjà. Bí ẹ bá dá kẹ̀kẹ́ padà, owó yín á jáde. Ẹni tó ń gbowó yára bí iná. Ẹ má dúró máa to ẹrù sínú àpò níwájú rẹ̀. Ẹ kó o padà sínú kẹ̀kẹ́, ẹ sanwó, kí ẹ lọ tò ó lórí pẹpẹ tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọn èso: ẹ wo nọ́ńbà tó wà lókè èso náà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn, kí ẹ lẹ ìwé tó bá jáde mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀bù Aldi àti Lidl, ẹni tó ń gbowó ló ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ má da ìgò nù o. Owó ìgò ti wà nínú ohun tí ẹ san. Pfand ni wọ́n ń pè é. Ike omi àti agolo jẹ́ 25 sẹ́ǹtì, ìgò bíà 8, ọ̀pọ̀ ìgò omi tí wọ́n ń fọ̀ tún lò jẹ́ 15. Ike ogún tí ẹ bá kó jọ sí ìdí fìríìjì, 5 yúrò gbáko ni. Ẹ má fún ike náà pọ̀, torí ńṣe ni ẹ̀rọ tó ń gbà á padà ní ṣọ́ọ̀bù máa ń yí i bírí láti wá àmì tó wà lára ìwé rẹ̀. Ìdí ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ tì wọlé. Bí ẹ̀rọ bá ń dá a padà ṣáá, ẹ wò ó, ìwé ara rẹ̀ ti lè ya. Nígbà tí ẹ bá tì í tán, ẹ tẹ bọ́tìnì, ìwé pélébé á jáde. Ẹ fún ẹni tó ń gbowó, á yọ ọ́ nínú owó ọjà yín. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe èyí, inú wọn á sì dùn: Táíwò á na ìgò, Kẹ́hìndé á tì í. Ìgò ọtí wáìnì àti ti jáàmù kò lówó; inú agolo ńlá ojú títì ni wọ́n ń lọ, funfun lọ́tọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Ẹ má jù ú síbẹ̀ ní Sọ́ńdè, nítorí ariwo.

Wọn ò fi paracetamol dù yín. Kẹ́mísì nìkan ni òfin gbà láyè láti tà á, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ Apotheke sí pẹ̀lú A pupa ńlá lára. Kẹ́ ẹ tó fowó àpò rà á, bí ìnṣọ́ránsì yín bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ ní kí dókítà ọmọdé kọ ọ́ fún wọn: oògùn tí kò gba ìwé dókítà pàápàá, ìnṣọ́ránsì ń san án fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, bí dókítà bá ti kọ ọ́. Àgbàlagbà ń san ìdá mẹ́wàá owó oògùn, kì í dín ní 5 yúrò, kì í sì ju 10 lọ. Ọmọ tí kò tíì pé 18 kì í san án. Ẹ mọ kílò ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nílé, torí kílò ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n tó yẹ kó lò.

Láti 1 January 2024, inú ẹ̀rọ ni dókítà ń kọ oògùn sí, káàdì ìnṣọ́ránsì ni kẹ́mísì fi ń rí i. Pẹ̀lú ìbejì, ibi tó ti ń dojú rú nìyẹn: káàdì Táíwò kò lè gba oògùn Kẹ́hìndé. Ẹ fi nǹkan aláwọ̀ ọ̀tọ̀ sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kẹ́mísì bá ní òun ò rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí dókítà má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ fóònù wọn. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ọ́fíìsì dókítà gbọ́dọ̀ fi káàdì náà sínú ẹ̀rọ wọn, nítorí náà ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé ní January, April, July àti October. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú àti Jímọ̀. Lálẹ́ àti Sọ́ńdè, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kẹ́mísì èyíkéyìí: ó máa sọ èyí tó ń ṣí lóru; 2.50 yúrò ni wọ́n ń fi kún un. Fún dókítà lóru, ẹ pe 116117. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 112 ni.

Oṣù kan lẹ ti lò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé ẹ ti forúkọ ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òfin fún ẹni tó bá kó wọlé. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ lọ mú ọjọ́ lónìí. Ìwé ìrìnnà gbogbo yín àti ìwé tí onílé fọwọ́ sí, Wohnungsgeberbestätigung, ni ẹ máa mú lọ. Wọ́n lè béèrè ìwé ìbí àwọn ọmọ: ti NPC, àjọ ìkànìyàn, ni kí ìyá yín bá yín wá ní Òṣogbo, kí ó má jẹ́ ti ọsibítù. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu lẹ́tà sí lẹ́tà. “Taiwo” níhìn-ín, “Taiye” lọ́hùn-ún, wàhálà ni.

Lẹ́tà tó bá dé nínú àpòòwé aláwọ̀ yẹ́lò, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ẹni tó mú un wá ti kọ ọjọ́ sára àpòòwé náà, ọjọ́ yẹn ni gbèdéke ìdáhùn yín ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ báà kà á, ẹ̀ báà má kà á. Ẹ tọ́jú àpòòwé náà pẹ̀lú. Nínú lẹ́tà yòówù, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà Frist: gbèdéke ni.

Ó ku ẹrù ìyá yín. Àdìrẹ́sì Jámánì kì í sábà ní nọ́ńbà yàrá. Orúkọ ara àpótí lẹ́tà àti ti aago ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá ìbejì nìkan ló wà níbẹ̀, tí ìyá yín sì fi orúkọ ilé bàbá yín ránṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni bẹ́ẹ̀, ẹrù á padà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ aṣọ́bodè ló wà, lẹ́tà á wá, inú àpótí yẹn kan náà ni wọ́n máa jù ú sí. Ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹnì kan tí kò ju 45 yúrò lọ kì í san owó bodè, ṣùgbọ́n kí ìyá yín kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀: “àdìrẹ ọ̀pá mẹ́rin, iye báyìí,” kó má kàn kọ “ẹ̀bùn.” Ẹran, pọ̀nmọ́ àti wàràǹkàṣì, wọn ò gbà á wọlé rárá. Èlùbọ́ àti gàrí wà ní ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà níbí, wọn ò tó owó tí ẹ máa fi kó wọn. Àdìrẹ ni kó fi ránṣẹ́.

Lálẹ́ òní, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sórí bébà kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí lẹ́tà, ẹ bẹ onílé kí ó ṣe ti aago. Lẹ́yìn náà, kí ìyá yín fi nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ fi wá ibi tí ẹrù náà dúró sí.