Òfin 2021 kò ní kí ẹ fi káàdì ìbọn yín sílé

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, green card ni mo ní. Mo ti gba láísẹ́ǹsì ìbọn ìléwọ́ kí òfin 2021 tó dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pààrọ̀ ṣòkòtò, mo sì gbàgbé pọ́ọ̀sì mi sínú èyí tí mo bọ́. Ìbọn wà nídìí mi, káàdì kankan ò sí lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo wa ọkọ̀ lọ tí mo wà á bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé láti 2021 ẹnikẹ́ni ò nílò ìwé láti gbé ìbọn ní Texas mọ́, pé fọ́tò káàdì tó wà lórí fóònù mi sì ti tó. Ọgbọ́n wo ni mo lè dá tí mi ò fi ní máa gbàgbé? Èmi Bàbá Ìbejì.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ti ìgbàgbé kò le. Ẹ wá ibì kan ṣoṣo nínú ilé tí ìbọn àti káàdì á ti jọ máa wà, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọwọ́ yín má lè kan ọ̀kan láìkan èkejì. Ó tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló gbà mí lọ́kàn, torí òun náà ni mò ń gbọ́ ní òde ìsọmọlórúkọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ohùn tí àwọn ènìyàn wa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ń bí mi nínú, torí ẹni tó ń sọ ọ́ kọ́ ló máa jókòó níwájú adájọ́.

Ọdún 1995 ni Texas ṣe òfin pé aráàlú lè gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára bó bá ti gba láísẹ́ǹsì. Nígbà tó di 2016, wọ́n gba ẹni tó ní láísẹ́ǹsì láyè láti gbé e síta gbangba, bó bá ti wà nínú àpò ìbọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e láìgba láísẹ́ǹsì. Ibi tí òfin yẹn dé nìyẹn. Kò pa láísẹ́ǹsì rẹ́. Department of Public Safety, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ṣì ń fún àwọn tó bá fẹ́. Texas kò sì lágbára láti fagi lé òfin ìjọba àpapọ̀ ní Washington. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà. Òfin kan ló gbọ́, ó wá rò pé gbogbo òfin lòun ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Texas gan-an bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní láísẹ́ǹsì ìbọn, tí ìbọn sì wà lára yín, tí ọlọ́pàá tàbí adájọ́ wá ní kí ẹ fi ara yín hàn, káàdì méjì lẹ máa mú jáde: láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tàbí káàdì ìdánimọ̀ Texas, àti láísẹ́ǹsì ìbọn. Ó wà ní abala 411.205 nínú ìwé òfin Texas tí wọ́n ń pè ní Government Code. Ẹnì kan á sọ fún yín pé kò sí ìyà fún ẹni tí kò bá mú un jáde. Òótọ́ ni, wọ́n yọ ìyà náà kúrò ní 2009. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ti tẹ orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò rí i pé ẹ ní láísẹ́ǹsì ìbọn. Ẹ ò wá mú nǹkan kan jáde, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Kí lẹ fẹ́ kó máa rò, lóru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì? Wíwakọ̀ láìmú láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ dání náà sì ní owó ìtanràn tirẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àyíká ilé ìwé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ ní ìwọ̀n 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o. Ní 1995, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin yìí nínú ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé ìbọn lọ sílé ìwé ní San Antonio, ní Texas wa níbí. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún un kọ ní 1996. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Ẹ wá wò ó, ọ̀nà wo lẹ máa gbà láti Alief dé Sharpstown, ní Houston níbí, tí ẹ ò ní kọjá lẹ́bàá ilé ìwé?

Òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ìbọn tó wà ní ilẹ̀ aládàáni tí kì í ṣe ara ọgbà ilé ìwé, ìbọn tí ọta ò sí nínú rẹ̀ tí wọ́n sì tì mọ́ inú àpótí, àti ẹni tí ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé náà wà ti fún ní láísẹ́ǹsì lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ẹni tó ń gbé ìbọn kiri lábẹ́ òfin 2021 nìkan kò sí nínú èyí tó kẹ́yìn yìí, nítorí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnikẹ́ni ò sì fún un ní nǹkan kan. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ torí pé ẹ ní láísẹ́ǹsì, káàdì tó sùn sínú ṣòkòtò yẹn sì ni ẹ̀rí yín. Mi ò sọ pé wọ́n ń mú ènìyàn lójoojúmọ́ fún èyí nìkan o, wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn mìíràn bá ti wà nílẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba lè fi èyí kún un. Nípa inú ilé ìwé fúnra rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, láísẹ́ǹsì kò gbà yín níbẹ̀.

Ẹ tún dárúkọ green card bí ẹni pé kò kan ọ̀rọ̀ náà. Òun ló kàn án jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó ní in, tó sì ti pé ọdún 18, máa mú un dání nígbà gbogbo. Ẹni tí kò bá mú un dání lè san owó ìtanràn, ó sì lè lọ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́. Nítorí náà, káàdì mẹ́ta lẹ gbàgbé sílé, kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń pariwo. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá rú òfin ìbọn tí Texas kà sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lè san owó, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ti ẹni tó ní green card kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdálẹ́bi kan ṣoṣo lórí gbígbé ìbọn tàbí níní ìbọn lọ́nà tí òfin kò gbà lè tó fún ìjọba láti dá a padà sílé, kódà bó ti lo ogún ọdún níbí, tó bímọ, tó kọ́lé. Àwọn lọ́yà kan á ní, “Ẹ gba deferred adjudication, kò sí ìdálẹ́bi níbẹ̀.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi, adájọ́ fi yín sábẹ́ ìṣọ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ bá sì parí rẹ̀ láìsí wàhálà, Texas ò ní kọ ọ́ pé wọ́n dá yín lẹ́bi. Àwọn ímígíréṣọ̀n kì í fi ojú yẹn wò ó. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ẹ bá ti gbà pé ẹ jẹ̀bi, tí adájọ́ sì ti fi ohun kan jẹ yín níyà, ìdálẹ́bi ni. Nínú ẹjọ́ Padilla ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé dandan ni kí lọ́yà tó ń gbèjà ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kìlọ̀ fún un kó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fi físà akẹ́kọ̀ọ́, físà iṣẹ́ tàbí físà àbẹ̀wò wá, òfin 2021 kò kàn yín rárá. Ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ fún yín, àyàfi àwọn ààyè tóóró kan tí ẹ gbọ́dọ̀ bi lọ́yà kí ẹ tó sọ pé ó kàn yín. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín ṣe é, ẹ sá fún un.

Fọ́tò orí fóònù kò tó. Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá: Texas gbà kí ènìyàn fi ìwé ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ han ọlọ́pàá lórí fóònù. Ìnṣọ́ráǹsì nìkan ni o.

Ibi tí ẹ máa fi káàdì sí lára yín tún jẹ mí lógún. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje 2016, ní Falcon Heights ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ Philando Castile dúró. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, ó sì ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá pé ìbọn wà lára òun. Ọlọ́pàá ní kó má fà á yọ, ó ní òun ò fà á yọ. Kò pẹ́ rárá, ọlọ́pàá ti yìnbọn pa á. Obìnrin tó jókòó tì í ní ìwé ìdánimọ̀ ló fẹ́ mú. Wọ́n gbé ọlọ́pàá náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 2017. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan báyìí ìbá gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá sí ọ́fíìsì mi ni pé kí káàdì má sí nítòsí ìbọn lára wọn. Bí ìbọn bá wà ní ìdí ọ̀tún, kí káàdì wà ní àpò àyà. Ẹ tan iná inú ọkọ̀, ẹ sọ wíńdò sílẹ̀, kí ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí sitiárìn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìbọn bẹ̀rẹ̀. Láísẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, kí ẹ tó sọ pé ìbọn wà lára yín àti ibi tó wà, kí ẹ sì béèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ má mi ọwọ́ títí á fi dáhùn.

Ẹ tún yẹ orúkọ yín wò. Àwa Yorùbá ni orúkọ àárín wa máa ń di orúkọ bàbá lórí káàdì kan, tí yóò sì dáwátì lórí òmíràn. Bí orúkọ tàbí àdírẹ́sì yín bá yí padà, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ ọ́ fún Department of Public Safety.

Bí ẹ bá kúrò ní Texas, òfin ibi tí ẹ dé ni kí ẹ bi. Ní North Carolina, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún ọlọ́pàá kó tó bi yín. Florida náà ti gbà kí ènìyàn gbé ìbọn láìgba láísẹ́ǹsì láti oṣù Keje 2023, síbẹ̀ òfin wọn ní kí onítọ̀hún mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Fún ẹni tó ń lọ sílé, ẹ tú gbogbo báàgì yín wò kí ẹ tó kúrò nílé lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Láísẹ́ǹsì Texas kò wúlò fún nǹkan kan ní Nàìjíríà.

Àlàyé gbogboogbò ni mo ṣe yìí o, kò rọ́pò kí ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ tiyín, òfin sì ń yí padà.

Ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò dá yín dúró, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí òfin 2021 tó dé lẹ ti gba láísẹ́ǹsì yín. Láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ máa ń parí ní ọjọ́ ìbí tó bá kọ́kọ́ tẹ̀lé ọdún mẹ́rin tí ẹ gbà á. Bí ẹ ò bá tíì tún un ṣe, ó ṣeé ṣe kó ti kú lọ́wọ́ yín, gbogbo ohun tí mo sì sọ nípa àyíká ilé ìwé ti wá di tiyín. Ẹ lọ mú káàdì náà nínú ṣòkòtò yẹn, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó tún gbé ìbọn jáde.