Èsì: Tábúlẹ́ẹ̀tì 10 fún ọmọ 40

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì 10 lè wúlò fún ọmọ 40 níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè wúlò dáadáa. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013: inú rẹ̀ ni wọ́n ti kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àtijọ́ sí kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ẹ̀yin náà lè lo Kolibri, áàpù tí wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin sí ẹyọ kan ni kí ẹ pín wọn. Ní kíláàsì tèmi, ọ̀kan á máa tẹ̀ ẹ́, ìkejì á máa ka ìbéèrè sókè, àwọn méjì yòókù á máa ṣe ìṣirò sínú ìwé. Tó bá ti pé ìṣẹ́jú 10, wọ́n á pààrọ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ rárá ló di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú lọ́jọ́sí: “Dúró ná, a ò tíì yọ 3 kúrò!” Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Iná nìkan ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ẹ ṣáàjì gbogbo wọn láti alẹ́, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú wọn kù.