Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Ìrẹsì Wa Bá Ń Pọ̀ Sí I, Kí Ló Dé Tí Ti Òkèèrè Kò Kúrò Lọ́jà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìrẹsì ni mo ń tà ní ọjà Lafẹ́nwá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìjọba tó bá ti dé ni ó máa ń sọ pé ìrẹsì tí Nàìjíríà ń gbìn ti di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ àwọn oníbàárà mi kò yé béèrè ti òkèèrè, èmi náà sì ń rí i rà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Alábàtà ní òótọ́ ni ìjọba ń sọ. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ tún bá mi wò ó bóyá wọ́n ń ka ọ̀fàdà tiwa mọ́ ọn.
Ìyá Oníràìsì, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ọmọ yín ni ìwé ìṣirò gbè, ṣùgbọ́n Bàbá kò ṣàdédé ṣiyèméjì. Nínú àkọsílẹ̀ tí FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ń tọ́jú láti 1961, ìrẹsì tí gbogbo Nàìjíríà kórè lọ́dún náà jẹ́ nǹkan bí 133,000 tọ́ọ̀nù, ìyẹn nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún Kérésì tàbí Iléyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fojú sọ́nà fún kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì. Ní 1980, ó ti lé ní mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù. Ní 1990, ó tó mílíọ̀nù 2.5, ní 2010, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4.5; nígbà tí ó sì fi máa di 2021, ó ti kọjá mílíọ̀nù 8. Kò sí bí a ṣe fẹ́ wo èyí tí a ó fi ní kò pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń dàrú ni pé ìrẹsì inú èèpo ni wọ́n kà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi kóńgò wọ̀n. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì lọ́nà Ọbáfẹ́mi-Owódé nígbà kan. Àpò mẹ́ta tòun ti èèpo ni ó gbé lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí wọ́n fẹ́ ẹ tán, kò kún àpò méjì. Ẹ̀gbọ́n fárígá, ó ní wọ́n ti bù níbẹ̀, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kò sì dá a lóhùn, ó kàn nawọ́ sí òkìtì èèpo tó wà lẹ́yìn ilé. Bí a bá bó ọgọ́rùn-ún kílò, ọgọ́ta tàbí díẹ̀ lé ni a máa ń rí kó délé. Nítorí náà, mílíọ̀nù 8 tí a kà lóko kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lọ nínú ìkòkò, nígbà tí ohun tí ará ìlú ń jẹ lọ́dún sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àlàfo yẹn ni ìrẹsì òkèèrè ń dí.

Ẹnu tó ń jẹ ẹ́ kò sì dúró sójú kan. Mílíọ̀nù 55.7 ni wọ́n kà wá ní 1963. Ní 2006, a ti di mílíọ̀nù 140. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ kò ní gbé odó sílẹ̀ kó máa gúnyán, ìrẹsì ni yóò gbé kaná.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nínú ìṣirò náà kò sí nínú iye tọ́ọ̀nù rárá, ó wà nínú ilẹ̀ tí a fi gbìn ín. Ní 1980, nǹkan bí 550,000 hẹ́kítà ni oko ìrẹsì Nàìjíríà, hẹ́kítà kan sì jẹ́ bí éékà méjì àbọ̀; lónìí, ó ti ju mílíọ̀nù 3 lọ. Iye tí à ń kó lórí hẹ́kítà kan nígbà náà tó tọ́ọ̀nù 2, a kò sì tíì kúrò ní nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ àròpín ti gbogbo ayé ti kọjá 4, tí àwọn àgbẹ̀ Íjíbítì tó ń fomi odò Náílì rin oko wọn sì ń kó ju 8 lọ. Oko ni a ń fẹ̀, ìkórè kò gòkè. Òjò ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa gbójú lé, irúgbìn tí wọ́n ṣẹ́kù sílé lọ́dún tó kọjá ni wọ́n tún ń gbìn, ajílẹ̀ wọ́n, bí irè bá sì ti ń gbó, ẹyẹ ẹ̀gà á dé kí olóko tó dé. Lẹ́yìn èyí ni omíyalé ọdún 2012 àti 2022 tó gbé oko lọ lẹ́bàá odò Ọya àti Bẹ́núé, àti àwọn agbébọn tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ òkè Ọya lè lọ sóko.

Ní ti òfin ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà ti rí i ju èmi lọ. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, ké sí gbogbo ìlú ní 1976 pé kí wọ́n máa dáko. Láti 1985 sí 1995, ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé, ìkórè sì di nǹkan bí ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́wàá náà. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ kọ̀ láti máa ta dọ́là fún àwọn tó ń kó o wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá àgbẹ̀ lówó. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tí ó di 2023, Báńkì Àpapọ̀ tún gbà kí àwọn tó ń kó o wọlé máa rí dọ́là rà. Ní 2024, nígbà tí ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ ń han ará ìlú léèmọ̀, ìjọba kéde pé òun yóò yọ̀ǹda kíkó oríṣi ìrẹsì kan wọlé láìgba owó ẹnubodè fún àádọ́jọ ọjọ́. Àgbẹ̀ tó ti yáwó fẹ oko wá ń wo ojú ìjọba bíi ẹni ń wo ojú ọ̀run. Ní ti àwọn onífàyàwọ́ ọ̀nà Ìdírókò, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́, torí mi ò mọ ẹni tó ń kà á.

Ẹ béèrè ọ̀fàdà. Ó wà nínú iye náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kébbí, Kánò, Niger, Ẹ̀bọ́nyì àti irú wọn ni ó ń kó èyí tó pọ̀ jù wá. Abúlé Ọ̀fàdà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé ni ó fún un lórúkọ. Orí ilẹ̀ olójò ni wọ́n ń gbìn ín sí, kì í ṣe inú àbàtà, ohun tí hẹ́kítà kan ń mú wá kò sì tó ti ìrẹsì tí wọ́n ń fomi odò rin. Ṣé ẹ tún rí i, àgbẹ̀ ọ̀fàdà kì í gbé irè rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kóńgò ni ó fi ń wọ̀n ọ́n fún alájàpá, wọ́n á mú díẹ̀ pamọ́ fún jíjẹ, wọ́n á dá irúgbìn sí, ìyókù sì di ọjà Kútọ̀ àti Lafẹ́nwá. Fífojú díwọ̀n ni ẹni tó ń ṣe ìṣirò fi máa ń mọ iye rẹ̀, ẹ lè sọ èyí fún Bàbá.