Má fi apá fà á, ẹsẹ̀ ni kó o fi fà á

Àbúrò tó kọ̀wé láti Kubwa, mo ti rí ìbéèrè rẹ. O ní kílò 60 ni ọ́, ẹni tí ẹ jọ ń ṣe júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, lé ní 90, bó o ṣe ń fà á tó kì í mira, o wá ń bèèrè bóyá kó o lọ máa gbé irin. Gbé irin tó bá wù ọ́, kò ní pa ọ́ lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe apá ló ń dà ọ́ láàmú.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé agbára kò jámọ́ nǹkan o. Tí òye ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tó wúwo ló máa gbé èkejì ṣánlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ìdíje sí ìwọ̀n ara, tí 60 sì jẹ́ ìsọ̀rí tó fúyẹ́ jù fún ọkùnrin. Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882 pàápàá kì í ṣe èèyàn gẹ̀ǹgbẹ̀. Ohun tó fi lélẹ̀ ni pé kó o kọ́kọ́ ba ìdúró ẹni náà jẹ́, kuzushi nìyẹn, lẹ́yìn náà kó o gbé ara tìrẹ síbi tó yẹ, kó o tó wá dá a. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ti ibi ìkẹta bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ni kó o máa wò. Wo gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kó o fojú inú fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Tó o bá tì í tàbí tó o fà á gba ojú ìlà yẹn, o kàn ń làágùn lásán ni, torí ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń gbà á dúró. Ṣùgbọ́n fà á gba ibi tó dábùú ìlà náà, síwájú tàbí sẹ́yìn, kò ní ẹsẹ̀ kẹta tó máa fi gbara dúró níbẹ̀. Dandan ni kó gbé ẹsẹ̀. Bó bá sì ti gbé ẹsẹ̀, ìlà ti yí nìyẹn, tún un wò.

Ara tìrẹ wá ńkọ́? Orí wà lókè èjìká, èjìká lókè ìbàdí, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Má tẹ̀ síwájú, má ta ìdí sẹ́yìn. Wo ìgúnpá rẹ: tó bá ti jìnnà sí ìhà rẹ, apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ìhà, kó o wá fi ẹsẹ̀ sún sẹ́yìn. Gbogbo kílò 60 yẹn ló ń fà á báyìí, ọwọ́ kàn so yín pọ̀ ni. Èyí tó di apá aṣọ rẹ̀ mú, yí i sókè bí ẹni tó fẹ́ wo aago, kí ọmọńdinrín kọjú sókè. Gìgísẹ̀ rẹ̀ á kúrò nílẹ̀. Bí bébà bá ti lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tó.

Ẹni tó là mí lójú kì í ṣe kóòṣì. Ọmọ Hausa kan ni, tó wá bá wa ṣeré ní Abuja níbí, kokawa, ìjàkadì àwọn Hausa, ló ti ń jà láti kékeré. Ó tín-ínrín, kò mọ orúkọ ohun kan nínú júdò. Ó di ọrùn aṣọ mi mú, kò fà mí, kò tì mí. Mo tì í, ó sún sẹ́yìn. Mo tún tì í. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣe ń lọ sílẹ̀, tí mo ti ń gbé ara lé e ṣùgbọ́n tí kò tíì kanlẹ̀ tán, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá a létí ọrùn ẹsẹ̀, wẹ́rẹ́. Páànù òrùlé ni mo rí. Ó ní "sannu", ìyẹn pẹ̀lẹ́, ó fà mí dìde, ó sì tún ṣe é. Mi ò rí agbára kankan níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí. De ashi barai la máa ń pè é. Tó o bá yá jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn fò kọjá. Tó o bá pẹ́ jù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ tìrẹ ló máa wú.

Tó o bá ráyè débi tí wọ́n ti ń ja dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, ní Dei-Dei, má wo ọwọ́ tí wọ́n fi okùn dì, wo ẹsẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ tàbí orúnkún rẹ̀ bá kanlẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti pa á nìyẹn, ìyẹn ni pé ó ti pàdánù. Nínú èyí tí mo ti wò, ẹ̀ṣẹ́ tó ń gbé ènìyàn ṣubú kì í sábà jẹ́ èyí tó le jù, ó kàn bá a níbi tó ti gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ iwájú ni.

O tún ní ṣé kó o má kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o mú u lẹ́sẹ̀ bíi ti gídígbò. Nílé, ó dáa. Nínú ìdíje, rárá, àjọ júdò àgbáyé ti fòfin dè é pátápátá láti 2013.

Tí kò bá fẹ́ rìn rárá, tì í láyà díẹ̀. Á tì ọ́ padà, ara ò lè ṣe kó má ṣe é. Bó ṣe ń bọ̀ yẹn, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o jẹ́ kó máa bọ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ jọ rìn lórí máàtì. Ẹ di aṣọ ara yín mú, ìwọ di ojú, kó o máa sọ ẹsẹ̀ tó gbé ara lé: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Má gbá nǹkankan títí o ò fi ní máa ṣì í mọ́. Tó bá wá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, wá ẹlòmíràn tẹ́ ẹ jọ máa rìn.