Omi Ló Ba Òkè Rẹ Jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ni mò ń kọ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Mo kan àpótí kan, mo fi gíláàsì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo da yanrìn tí mo ti wọ́n omi sí sínú rẹ̀, mo wá ń fi pákó tì í, kí n lè rí bí àpáta ṣe ń ya tó sì ń gun orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi ló ń sún lọ bíi búlọ́ọ̀kù. Ṣé kí n lo amọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, omi yẹn ni. Èmi náà jẹ irú ìyà yìí nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Mo ti yanrìn tútù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá mi wá mú ọ̀bẹ, ó gé e. Ibi tó gé dúró ṣánṣán bí ògiri, ó tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ó ní, "Kìlómítà mélòó ni sẹ̀ǹtímítà kan rẹ dúró fún?" Mo ní ẹyọ kan ni, sà. Ó ní, "Òkè wo lo rí tó dúró ṣánṣán ní kìlómítà 10? Ti Ìdànrè?" Mo dákẹ́.

Bí o bá ti sọ òkè di kékeré, agbára tó fi di ara rẹ̀ mú náà gbọ́dọ̀ dín kù bẹ́ẹ̀, kódà kó lé díẹ̀, torí yanrìn fúyẹ́ ju àpáta lọ. M. King Hubbert, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ìṣirò yìí láti 1937. Yanrìn gbígbẹ ló bá a mu, torí hóró rẹ̀ kì í di ara wọn mú.

Wá yanrìn funfun Igbókòdá. Fọ̀ ọ́, sá a kó gbẹ táútáú, kí o sì jọ̀ ọ́. Má dà á láti inú abọ́ o! Asẹ́ ni kí o fi máa gbọ̀n ọ́n sínú àpótí, torí bó bá ṣe já bọ́ ló ṣe máa kì. Fi íǹkì pa díẹ̀ láró, kí o tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele. Tí o bá tì í tán, rọra bu omi rin ín, kí o wá fi ọ̀bẹ gé e. Ìgbà yẹn lomi wúlò.

Amọ̀ kò burú, àmọ́ bó ṣe ń gbẹ ni agbára rẹ̀ ń yí padà. O ò ní rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá jẹ́ àpáta ìsàlẹ̀, èyí tí ooru mú kó ká bí aṣọ, lo fẹ́ ṣe, silicone, ohun rírọ̀ bíi gọ́ọ̀mù tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n ń lò: o lè ká a bíi bọ́ọ̀lù lálẹ́, kó o bá a ní pẹlẹbẹ láàárọ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dí fèrèsé o, ìyẹn máa ń gan. Oyin ṣàn jù. Ọ̀dà ilẹ̀ (bitumen) ti Àgbábù wá ńkọ́? Ó le láàárọ̀, ó rọ̀ lọ́sàn-án, àfi tí o bá lè mú ooru yàrá dúró sójú kan, pẹ̀lú irú iná tí a ní yìí.

Má sì fi ohun tí o rí lára gíláàsì kọ iṣẹ́ rẹ. Yanrìn máa ń há mọ́ ọn, ó ń fa ìlà rẹ̀ tẹ̀. Àárín ni kí o gé.