Èsì: Ṣé ewéko ni olú, tí kò sì ní èso?

Ẹ kú ìbéèrè. Rárá o, olú kì í ṣe ewéko. Kò lè fi oòrùn pèsè oúnjẹ. Igi tó ti kú àti ewé tó ń jẹrà ló sábà máa ń jẹ. Ara rẹ̀ gan-an wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Èyí tí ẹ ń rí lókè kàn wà fún irú-ọmọ ni.

Ẹ gé orí olú tó ti ṣí bí agboòrùn, ẹ dojú rẹ̀ dé bébà, ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Ẹ máa rí eruku tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó rẹwà gan-an! Hóró eruku yẹn ló ń hù di fọ́nrán. Fọ́nrán méjì sábà ní láti pàdé kí olú tuntun tó yọ.

Ṣùgbọ́n Phytophthora, ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó ba ọ̀dùnkún jẹ́ ní Ireland lọ́dún 1845, jọ ẹbí olú lójú lásán ni. Àwọn algae (ohun abẹ̀mí bí ewéko inú omi) ló bá tan, hóró irú-ọmọ rẹ̀ sì máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi.